Oòrùn, Iná UV àti Omi Kànga Wa

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti já etí píọ̀ wọ́tà kan mu láti àárọ̀, ó ṣeé ṣe kí omi náà ti gba abẹ́ iná tí mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá wọ ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ ó rí ọ̀pá irin gbọọrọ kan tó ń dán lára ògiri, kí omi tó dé ibi ẹ̀rọ tí í rọ ọ́ sínú ọ̀rá. Inú ọ̀pá náà ni gílóòbù kan wà tó ń tàn, tí ẹni tó ń kọjá kò lè rí. Iná UV ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa kòkòrò àìfojúrí inú omi kí wọ́n tó dì í.

Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Iná yìí kì í jẹ iná mànàmáná púpọ̀, oòrùn ilẹ̀ wa tó láti tàn án, kò sì sí ìdí kankan tí yóò fi jẹ́ pé omi tí a ń tà nìkan ló ń rí i, tí kànga ilé ìwé àti ti ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́dé kò rí i. Ṣùgbọ́n gílóòbù kì í tọ́jú ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni n ó sì pẹ́ sí jù.

Ní 2021, àrùn onígbáméjì jà ní Nàìjíríà. Àwọn tí wọ́n fura pé ó mú lé ní 111,000, àwọn tó pa lé ní 3,600. Ní oṣù Okúdù 2024 ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, níbi tí ènìyàn ti ń gbé lórí ara wọn, tí kànga àti sọ́kàwéè sì ń bá ara wọn gbé inú ọgbà kan náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé omi mímu tó ní ìdọ̀tí ń fa ikú nǹkan bí 505,000 ènìyàn lọ́dọọdún nípa ìgbẹ́ gbuuru nìkan. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni wọ́n ń tètè lọ jù, nítorí omi ara wọn kò pọ̀, ọjọ́ kan sí méjì ti tó láti gbẹ wọ́n tán. Ìyá tó ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lóru mọ ohun tí mo ń sọ.

Báwo wá ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pa kòkòrò? Gbogbo yín lẹ ti rí òṣùmàrè: pupa wà lápá kan, àwọ̀ àlùkò wà lápá kejì. Lẹ́yìn àwọ̀ àlùkò yẹn ìmọ́lẹ̀ ṣì ń bẹ, ojú wa ni kò ká a. Òun ni UV. Tí a bá wọn ìgbì rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 400 nanometer lọ sókè, UV sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó ń ba kòkòrò jẹ́ jù lọ wà ní agbègbè 260. Irú rẹ̀ wà lára oòrùn, àmọ́ kì í dé ilẹ̀, nítorí pé ozone tó wà lókè ọ̀run ń dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò gílóòbù. Gílóòbù oní-mẹ́kúrì tí ó wà nínú ẹ̀rọ omi ń tan UV rẹ̀ ní 254 nanometer, ó súnmọ́ ibi tí a ń wá gan-an.

Inú gbogbo ohun abẹ̀mí ni DNA wà. Ibẹ̀ ni àṣẹ bí yóò ṣe dàgbà àti bí yóò ṣe bí irú ara rẹ̀ wà. Bí ìmọ́lẹ̀ yìí bá bọ́ sára bakitéríà, ó máa ń mú kí àwọn ègé kan lára okùn DNA náà lẹ̀ mọ́ ara wọn níbi tí kò yẹ. Láti ìgbà náà kòkòrò yẹn kò lè bí mọ́. Kòkòrò tí kò lè bí kò lè fa àìsàn, torí pé bí wọ́n ṣe ń di púpọ̀ nínú ìfun ló ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Adùn omi kò yí padà, kò sì sí oògùn kankan tó wọ inú rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1877, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì méjì, Arthur Downes àti Thomas Blunt, fi hàn pé oòrùn ń dá bakitéríà dúró láti má dàgbà. Nígbà tó fi máa di 1910, wọ́n ti ń fi iná UV tọ́jú omi mímu ní ìlú Marseille ní Faransé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì, nítorí gílóòbù ayé ìgbà náà kì í tọ́jọ́, klórínì sì ti dé, ó sì rọjú. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn ìlú ńlá tó padà sídìí rẹ̀. Ohun kan tó lé wọn padà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, ní 1993: kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Cryptosporidium gba inú omi ẹ̀rọ wọlé, klórínì kò ràn án, ó sì dá àìsàn sí àwọn ènìyàn tí iye wọn lé ní 400,000 lára. Iná UV ràn án. Lónìí, omi tó ń ti orí òkè Catskill àti Delaware bọ̀ wá sí New York ń gba ilé iṣẹ́ UV ńlá kan kọjá, èyí tí wọ́n ṣí ní 2013.

Ṣùgbọ́n New York ní owó, ó sì ní iná tí kì í lọ. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ ni Ashok Gadgil, ọmọ Íńdíà, onímọ̀ físíìsì ní Lawrence Berkeley National Laboratory ní California. Bombay ló dàgbà sí, ó sì mọ ìdílé tí ìgbẹ́ gbuuru ti pa ọmọ ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní 1992, irú onígbáméjì tuntun kan tí wọ́n pè ní O139 bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà, ó sì ràn dé Bangladesh. Ààbò tí ara àwọn ènìyàn ti ní sí irú ti tẹ́lẹ̀ kò dá èyí dúró. Gadgil bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí abúlé kò fi lè ní iná tí ilé iṣẹ́ ń lò. Ó rí i pé ohun mẹ́ta ló ń dí i lọ́wọ́: iná mànàmáná kò sí, kò sí omi tó ń fi agbára sáré nínú páìpù, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò sì sí nítòsí.

Ọ̀nà tó gbé e gbà dùn mọ́ mi, nítorí pé ó rọrùn. Nínú ẹ̀rọ tí ó wọ́pọ̀, wọ́n máa ń ki gílóòbù sínú ọ̀pá gíláàsì, wọ́n á wá rì í sínú omi. Kò ní pẹ́ tí ìdọ̀tí àti iyọ̀ inú omi á fi bo gíláàsì náà, ìmọ́lẹ̀ á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Gadgil kò rì í. Ó gbé gílóòbù náà kọ́ sókè lójú omi, ó fi páànù tó ń dán bò ó lórí kí ìmọ́lẹ̀ lè padà sísàlẹ̀, ó sì jẹ́ kí omi máa ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ rẹ̀ nínú àwo pẹrẹsẹ. Omi kò kan gílóòbù, gílóòbù kò dọ̀tí. Ẹ kàn máa da omi sí apá òkè ni, yóò fúnra rẹ̀ ṣàn jáde nísàlẹ̀. Wọ́n pe ẹ̀rọ náà ní UV Waterworks. Ó ń jẹ iná 60 wáàtì, bátìrì mọ́tò tàbí páànẹ́lì sólà lè gbé e, ó sì ń tọ́jú nǹkan bí lítà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan. Iléeṣẹ́ WaterHealth International ló gba àṣẹ láti máa ṣe é. Wọ́n gbé e lọ sí àwọn abúlé Íńdíà, wọ́n sì gbé e dé Gánà, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń san owó táṣẹ́rẹ́ láti pọn ín.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ lítà 900 ní wákàtí kan. Bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, lítà 7,200 nìyẹn. Tí a bá bu lítà 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ fún mímu àti oúnjẹ sísè, ẹni 720 ni ẹ̀rọ kan yóò tó, ìyẹn ilé ìwé kan tó tóbi dáadáa. Iná tó jẹ láàárín wákàtí 8 náà jẹ́ 480 watt-hour. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, láti se lítà omi kan ṣoṣo títí yóò fi hó, bí kò bá tiẹ̀ sí ooru kankan tó ṣòfò, ó máa ń gba nǹkan bí 87 watt-hour. Iná tó fi tọ́jú lítà 7,200 kò tó láti se lítà 6 hó. Ẹni tó ń ra gáàsì, tàbí tó ń ra èédú láti máa se omi mímu ilé, yóò mọ ìtumọ̀ èyí ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Àwọn tó ń ta sólà yóò sọ fún yín pé páànẹ́lì 200 wáàtì kan ti tó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òótọ́ ni. Oòrùn tó múná wákàtí 4 sí 5 lóòjọ́ yóò fún yín ní 800 sí 1,000 watt-hour, bí bátìrì àti wáyà bá sì ti jẹ tiwọn, ohun tó kù á tó gílóòbù. Àmọ́ ẹ wo oṣù Agẹmọ. Ojú ọ̀run á ṣú láti àárọ̀ di alẹ́, oòrùn gidi lè má tó wákàtí 3, páànẹ́lì náà á wá mú nǹkan bí 600 wá, bí a bá sì yọ ohun tó ń ṣòfò kúrò, kò ní tó 480 tí a ń wá. Oṣù yìí gan-an sì ni àgbàrá ń gbé ohun inú ṣáláńgá wọ kànga. Ìgbà tí oòrùn kéré jù ni kòkòrò pọ̀ jù. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé irú iná yìí kalẹ̀, àsìkò òjò ni kó fi ṣe ìṣirò rẹ̀: páànẹ́lì méjì, àti bátìrì tó lè gbé e fún ọjọ́ méjì tí ojú ọjọ́ kò là. Kó tún fi fáàfù sí i, irú èyí tí í ti omi pa fúnra rẹ̀ bí iná bá kú. Láìsí fáàfù yẹn, omi tí iná kò kàn yóò máa ṣàn jáde, àwọn ènìyàn yóò sì máa mu ún pẹ̀lú ìdánilójú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí iná UV kò lè ṣe, nítorí pé àwọn tó ń tà á kì í sọ ọ́ tán.

Ìmọ́lẹ̀ kì í la ẹrẹ̀ kọjá. Bí omi kànga bá rú lẹ́yìn òjò, kòkòrò máa ń wà lábẹ́ òjìji ẹrẹ̀ inú rẹ̀, á sì gba abẹ́ gílóòbù kọjá láìfarapa. Asẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú iná. Ẹ jẹ́ kí omi náà tòrò nínú táńkì, ẹ fi álọ́ọ̀mù ràn án lọ́wọ́ bó bá pọn dandan, kó wá gba asẹ́ yanrìn kọjá. Omi àwọn kànga ẹ̀rọ kan ní irin púpọ̀. Ẹ̀yin tí aṣọ funfun yín máa ń pọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán mọ̀ ọ́n. Irin yẹn máa ń gba UV mọ́ra kó tó dé ara kòkòrò, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ọ́.

Iná náà kò yọ òjé, kò yọ kẹrosínì, kò yọ oògùn tí wọ́n fín sí oko. Ní Bangladesh, wọ́n gbẹ́ kànga oní-páìpù kíkankíkan kí àwọn ènìyàn má baà mu omi odò tó kún fún kòkòrò. Ní 1993 ni wọ́n wá rí i pé àsẹ́níìkì, tí í ṣe májèlé, wà nínú omi ọ̀pọ̀ àwọn kànga wọ̀nyẹn. Gadgil fúnra rẹ̀ ní láti ṣe ẹ̀rọ mìíràn, tó ń lo irin àti iná mànàmáná, láti yọ àsẹ́níìkì. Ẹ lọ yẹ omi yín wò ní ilé àyẹ̀wò kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Bí a bá fi klórínì sínú omi, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń kù síbẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Iná UV kì í bá omi délé. Omi tó mọ́ tónítóní nígbà tó ń jáde lábẹ́ gílóòbù lè ti bàjẹ́ kó tó di alẹ́, bí kẹ́ẹ̀gì tí a bù ú sí bá dọ̀tí tàbí tí ọmọdé bá ti ọwọ́ bọ garawa. Àwọn bakitéríà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n lè fi ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ tún DNA wọn ṣe bí iná náà kò bá bà á jẹ́ tó. Kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, tí a gbé síbi tí oòrùn kò dé, jẹ́ ara ẹ̀rọ náà bí gílóòbù ṣe jẹ́.

Ní Baja California Sur, ní Mẹ́síkò, àwọn olùwádìí gbé iná UV àti ohun èlò tí a fi ń tọ́jú omi dé àwọn abúlé 24, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2013. Kí iná náà tó dé, nǹkan bí 60 nínú 100 ilé ló ní bakitéríà ìgbẹ́ nínú omi mímu wọn. Lẹ́yìn tó dé, ó wá sí nǹkan bí 40. Ó dára, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru kò dín kù tó ohun tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń gbé owó kalẹ̀ fún omi ka ìwádìí yẹn. Ilé 40 tó kù kò rí àǹfààní rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gílóòbù náà ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọjọ́ orí gílóòbù. Gílóòbù oní-mẹ́kúrì máa ń lo nǹkan bí wákàtí 9,000, ọdún kan nìyẹn bí kò bá sinmi tọ̀sántòru. Lẹ́yìn náà yóò ṣì máa tan àwọ̀ búlúù tí ojú ń rí, ṣùgbọ́n UV tí ojú kò rí yóò ti dín kù kọjá ohun tó lè ṣe iṣẹ́. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè yóò rò pé kò sí wàhálà. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹjú mọ́ gílóòbù yìí nígbà tó bá ń tàn, ó ń jó ojú, ó ń jó awọ ara. Bó bá sì fọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ọn, torí mẹ́kúrì inú rẹ̀. Irú tuntun tó jẹ́ LED kò ní mẹ́kúrì, iná tó ń ti ara sólà bọ̀ sì lè tàn án tààrà láìsí ínfátà. Bó bá ṣe ń rọjú sí i, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ iná, ẹ kọ́ ọ.

Ẹni tí kò bá ní agbára gílóòbù kò sí nínú òkùnkùn pátápátá. Aftim Acra, ọ̀jọ̀gbọ́n ní American University of Beirut, fi hàn ní nǹkan bí 1980 pé oòrùn tó dé ilẹ̀ náà lè sọ omi di mímu bí a bá fún un ní àkókò. Iléeṣẹ́ ìwádìí Eawag ní Switzerland ń bá ìwádìí náà lọ láti 1991. Ẹ rọ omi tó tòrò sínú ike tó mọ́ gaara, tí kò ju lítà 2 lọ, ẹ dé e, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ lórí páànù nínú oòrùn fún wákàtí 6. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ọjọ́ méjì ni. Bí òjò bá ń rọ̀ ṣáá, ẹ se omi yín. Láti mọ̀ bóyá omi náà tòrò tó, ẹ gbé ike náà dúró lórí ìwé ìròyìn, kí ẹ wò ó láti ẹnu rẹ̀: bí ẹ kò bá lè ka àkọlé ńlá tó wà nísàlẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ ná. Kò sí owó nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dán an wò ní abúlé Bolivia, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2009, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni àwọn tó ń ṣe é déédéé, àǹfààní rẹ̀ fún àwọn ọmọ kò sì hàn gbangba.

Àwa fúnra wa ti mọ bí a ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ yìí yọrí. Ẹ rántí sòbìà. Ní nǹkan bí 1988, nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní i ní Nàìjíríà, wọ́n lé ní 650,000. Ó ń dá àgbẹ̀ dúró lóko, ó ń dá ọmọ dúró nílé ìwé. Kò ní àjẹsára, kò ní oògùn tí í wò ó. Aṣọ asẹ́ ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n dà sínú adágún omi, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọmọ ìlú kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan tó gbà láti máa lọ láti ilé dé ilé, tó ń wo asẹ́ tó ti ya, tó ń kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní i sílẹ̀. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún Nàìjíríà ní ìwé ẹ̀rí pé sòbìà ti tán nílẹ̀ rẹ̀. Aṣọ lásán kò lè ṣe èyí láìsí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ sì wo àyíká wa. Kànga ẹ̀rọ tó ń lo sólà pọ̀ lágbègbè wa, orúkọ ẹni tó gbé e kalẹ̀ wà lára táńkì ní lẹ́tà gàdàgbà, ẹ̀rọ náà kò sì fa omi mọ́. Pọ́ǹpù ti jóná, wọ́n ti jí bátìrì gbé, kò sí ẹni tó ni ín. Bí a bá fi iná UV kún irú kànga bẹ́ẹ̀ láìyí ìwà wa padà, gílóòbù tó kú la tún fi kún un.

Nítorí náà mo ń bẹ ẹ̀yin ọmọ ìlú tó wà nílé àti lókè òkun tí ẹ ń dá owó kànga, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ̀yin ìjọ àti mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀: kànga tó bá jẹ́ ti ilé ìwé tàbí ilé ìtọ́jú ìlera, ẹ fi asẹ́ àti iná UV sí i. Ẹ fi owó gílóòbù ọdún 5 pamọ́ sí báńkì ní ọjọ́ kan náà tí ẹ bá san owó kànga. Ẹ yan ẹni méjì lára àwọn ará àdúgbò, ọ̀kan nínú wọn kó jẹ́ obìnrin, ẹ kọ́ wọn, ẹ máa fún wọn ní owó oṣù, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ gílóòbù kẹ́yìn sára táńkì níbi tí ọmọ ilé ìwé ti lè kà á. Bí owó tó wà lọ́wọ́ yín kò bá tó kànga méjì pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ ṣe ẹyọ kan, kí ẹ ṣe é tán.